Ìṣó Kì í Ṣe Kọ́tápíìnì

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì, 2025

Ìpàdé ẹbí parí, ẹrù sì bọ́ sí mi lórí. Alàájì Sùrájù, àbúrò ọkọ mi tó ń bójú tó ilé bàbá wọn yìí, ní wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, àwọn bíríkìlà á sì wọlé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú ilé gbọ́dọ̀ ti kúrò kó tó dìgbà náà. Kò sí nǹkan kan níwájú ilé ju Volkswagen Ìjàpá ọkọ mi lọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alàájì ní òun mọ àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n á wá gbé e.

Philip ọkọ mi dìde. Ó kọjú sí ibi tí ohùn àbúrò rẹ̀ ti ń wá, ó ní, “Ọkọ̀ yẹn fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé síbí. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ náà ló máa fi jáde.”

Àwọn ẹbí pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú Philip ti lọ, òjìji nìkan ló kù tó ń rí.

Nígbà tí ilé dá, mo ní ká gbé ọkọ̀ fún Godspower, mẹkáníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá, kó bá wa parí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn táyà àti àwọn irin tó dì í mú. Philip ní rárá. Ó ní òun tún kéréènì ṣe ní wọ́ọ̀fù títí òun fi fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò ní bá òun fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ òun. Mo ní ọwọ́ ta la máa wá lò?

Ó ní, “Tìẹ.”

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, inú ọ́fíìsì ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun ní Wharf Road. Lónìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kọ́tápíìnì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n ká a po, ó lórí roboto, ó lẹ́sẹ̀ méjì, ó jọ píìnì tí mo fi ń há irun mi. Wọ́n máa ń tì í bọ inú ihò kékeré kan lára irin táyà, kó lè di nọ́ọ̀tì mú kó má baà tú lójú ọ̀nà. Mo rò pé irin tó bá ti wọ ihò, ọ̀rọ̀ parí. Mo rà á ní ọjà Boundary, mo gbé e wálé. Philip fi ọmọ ìka méjì yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ó tín-ínrín jù, á máa jó nínú ihò ni.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì

Mo padà lọ. Ọkùnrin tó tà á fún mi mú èyí tó nípọn wá. Kò wọ ihò. Mo tún padà. Ó ní kí n fi òòlù gbá a wọlé. Nígbà tí mo sọ fún Philip, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́, ó wá ní kí n lọ wá ẹlòmíràn. Tírélà kan ti dábùú ọ̀nà Olódì, ọlọ́kadà ò rí àyè kọjá, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé nínú oòrùn. Tòmátì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì

Mo rí èyí tó bá ihò mu lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ àtijọ́. Páálí kékeré kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ ọ lò, òun ò mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Mo ní kó má ṣèyọnu, táyà mẹ́rin péré ni ọkọ̀ ní. Ká ní mo mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kejì

Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò bá wa fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, wọ́n fi igi tì í, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tí irin sítíárìn ti so mọ́ táyà la ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ní eyín lórí bí adé ọba. Ihò inú irin gbọ́dọ̀ bọ́ sí àlàfo láàárín eyín, kí píìnì tó lè kọjá.

Mo ki píìnì bọ ihò. Mo fi piláyà ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí Philip ṣe ń wí lókè orí mi, ọ̀kan gòkè lọ gba orí irin, èkejì wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì. Mo ní ó ti parí. Philip dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó na ọwọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àtàǹpàkò kàn án.

Ó ní, “Ó ń mì. Yọ ọ́.”

Mo yọ ọ́, mo nà án, mo fẹ́ tún un fi sí. Ó ní ó ti o. Píìnì tí wọ́n bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agara ti dá a, bí wọ́n bá tún un tẹ̀, ọjọ́ kan á kàn ṣẹ́ ni. Mo ju ìyẹn nù, mo mú òmíràn. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, á ya èèyàn lọ́wọ́. Mo gé e. Ó ní mo gé e kúrú jù, kò sí ohun tó máa dì mú mọ́. Mo ju ìyẹn náà nù. Agara ti dá èmi náà, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò ní kí wọ́n fi tuntun rọ́pò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

Ẹ̀yìn la kàn lónìí. Nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ le dan-in. Philip ní kí n fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kí n sì dúró lé e lórí. Mo so ìró mi nídìí, mo dúró lé e, níwájú gbogbo àdúgbò. Ó yí, ó tún yí, ó wá dúró. Ihò ò tíì ṣe déédéé pẹ̀lú àlàfo. Ohun tó kù ò ju èékánná lọ. Mo ní kí n dá nọ́ọ̀tì padà díẹ̀ báyìí, píìnì á kọjá.

Ọkọ mi lọgun bí ẹni pé mo fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀. Ó ní, “A kì í dá a padà. Iwájú nìkan la ń mú un lọ títí ihò á fi hàn.”

Mo tún gun páìpù. Sípánà yọ̀, mo sì fìdí jókòó sínú omi ọṣẹ tí ará ilé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù. Philip béèrè pé kí ló dún yẹn. Mo ní èmi ni. Ó béèrè bóyá sípánà ò ṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kejì

Ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ti parí. Ó fọwọ́ kàn án, kò sọ nǹkan kan. Lọ́dọ̀ Philip, ìyìn nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru yìí kì í ṣe kékeré. Mo ní ká sinmi lọ́sàn-án, ká máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Philip ní aago mélòó ni àárọ̀ kùtù. Mo dá a lóhùn pé nígbà tí mo bá jí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Lẹ́ǹtì, ààwẹ̀ àwọn Kristẹni, bẹ̀rẹ̀ fún Philip náà. Ọkọ̀ kan, èèyàn méjì tí ebi ń pa.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Ó ti sú mi.

Láàárọ̀ yìí mo fi píìnì sí táyà iwájú lọ́wọ́ òsì. Ó wọlé ṣinṣin, mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e, mo fi piláyà fún un mọ́lẹ̀, mo mì í, kò mì. Èmi fúnra mi yọ̀ sí i. Philip fọwọ́ kàn án, ó ní ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wọ́, kí n yọ ọ́. Mo ní kò wọ́. Ó ní ó wọ́. Ọ̀fun mi ti gbẹ, eruku kọ̀ǹténà kún imú mi, ẹ̀yìn ń ro mí látàárọ̀.

Mo ní, “Ẹ wá fi ojú yín wò ó nígbà náà.”

Bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé ó ti jáde. Philip nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó wá ọ̀pá rẹ̀ rí, ó dìde. Ó ní, “O ṣeun, Mujeedat.” Ó wọlé lọ.

Mo yọ píìnì náà. Ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Èyí gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Látọjọ́ náà n ò fọwọ́ kan ọkọ̀, òun náà ò sì rán mi níṣẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo ti àsàláátù dé lónìí, Ìjàpá ti wà nílẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdérí táyà ń dán bí abọ́ tuntun. Philip jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní Godspower ti wá bá òun parí ẹ̀, kí n sinmi.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ọkùnrin tó ní ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ òun, ó dúró kí n jáde tán kó tó pe mẹkáníìkì. Mo lọ se oúnjẹ ìṣínu, mo sì da iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ìtúnu. Gbogbo àlejò tó wọlé ni Philip sọ fún pé lọ́jọ́bọ̀, bí àwọn bíríkìlà bá ti ń wọlé ni Ìjàpá á máa jáde. Alàájì ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run ṣe é. Mo rí i pé kò gbà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí pé nínú ilé yìí, oríṣiríṣi ni wọ́n á máa sọ.

Wọ́n ti dé láàárọ̀, Alàájì, olórí bíríkìlà, àti típà iyanrìn tó ń fọn fèrè ní ẹnu ọ̀nà. Godspower ló fẹ́ wa Ìjàpá. Philip ti wọ fìlà rẹ̀, ó ti jókòó síwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n fẹ́ gba Warehouse Road lọ sí Ìkòròdú lọ́dọ̀ Tèmítọ́lá ọmọ wa, níbi tí ọkọ̀ náà á máa wà. Mo mú àkísà, mo ní kí n nu eruku ara rẹ̀ kó tó lọ, kí wọ́n má baà ní a ò tọ́jú ẹ̀. Ìdérí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi. Kò jókòó dáadáa bí ti ọ̀tún. Mo fi ìdí ṣíbí ṣí i.

Ìṣó ló wà nínú ihò. Ìṣó tí wọ́n fi ń kan pákó, wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ kọdọrọ, orí rẹ̀ ló ń ti ìdérí síta.

Mo pe Godspower sẹ́yìn ọkọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti sọ fún mi kó tó lanu. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Píìnì ló tán. Mo sọ fún Daddy pé na manage be this, kò lè pẹ́. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀.”

Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ Philip, mo tẹ̀ mọ́ fèrèsé. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo ní, “Bàbá Tọ́lá, ṣé ẹ mọ̀ pé ìṣó ló wà níbẹ̀?”

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Gbogbo píìnì tí ọkùnrin yìí ti ní kí n yọ wá sọ́kàn mi, ìyẹn tó mì, ìyẹn tó gùn, ìyẹn tó kúrú, ìyẹn tó wọ́. Ká ní kò fi wọ́n ṣòfò ni, píìnì ì bá ṣẹ́kù. Mo ní tí ìṣó yẹn bá gé, tí nọ́ọ̀tì tú, tí táyà jáde níwájú tírélà ńkọ́? Ó ní ìṣó á gbé àwọn dé Ìkòròdú, tí àwọn bá ti débẹ̀, àwọn á pààrọ̀ ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ó ti rẹ̀ mí, Mujeedat. Mo kàn fẹ́ kí Sùrájù gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ ni.”

Ọkàn mi fẹ́ rọ̀. Kí n má purọ́, ó rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Godspower ní ìyàwó, ó lọ́mọ. Mo na ọwọ́ kọjá àyà rẹ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi há àyà mi.

Alàájì ní, “Ìyàwó wa, kí ló dé? Iyanrìn ti dé o.”

Mo ní, “Alàájì, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ò lè lọ lónìí. Táyà ẹ̀yìn ò tíì dáa.”

Gbogbo èèyàn gbọ́. Philip tú bẹ́líìtì tó dè mọ́ra, ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Olórí bíríkìlà bojú wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe fún un. Níwájú àbúrò rẹ̀, níwájú àwọn tó ti ń retí kó tẹ́, èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ò lè lọ.

Alàájì wo èmi, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń múra de ọ̀rọ̀ àwọn oníirin àlòkù. Kò mẹ́nu bà á. Ó ká apá agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó ní, “Ó yá, ẹ jẹ́ ká tì í.” Bí àwa ṣe ti Ìjàpá jáde nìyẹn, èmi nídìí sítíárìn, Alàájì, Godspower àti àwọn bíríkìlà lẹ́yìn, títí dé ṣọ́ọ̀bù Godspower lápá Ajégúnlẹ̀. Philip fi ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀, ó ń bá a rìn. Àwọn èèyàn ń kí i lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Philip ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó jẹun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ abọ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù ṣọ́ọ̀bù Godspower lọ.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Boundary ò ní píìnì. Obìnrin ọjọ́sí ò ní. Mo lọ sí ọjà Ládípọ̀, mo rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń fi èyí tí mo mú dání wọn tiwọn. Ọkùnrin kan ní ìṣó náà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, Màmá. Mo wò ó débi pé ó bọ́ sẹ́yìn. Mo rí i nígbẹ̀yìn, mo sì ra páálí méjì, nítorí ẹni tí mo fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Mo yọ ìṣó náà. Mo yẹ gbogbo èyí tó kù wò, ọ̀kan níwájú jẹ́ àlòkù tí wọ́n nà, mo yọ òun náà. Godspower fẹ́ bá mi ṣe é. Mo ní kó bá mi gbé jáàkì nìkan. Mo gun páìpù títí ihò fi hàn, mo ki píìnì bọ ibẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e.

Mo gbọ́ ọ̀pá lórí kọnkéré. Philip ló dé, ọmọ ará ilé kan ló mú un wá. Kò kí mi. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó wá táyà ẹ̀yìn rí, ó fi àtàǹpàkò kan píìnì. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

Mo ní, “Ṣé kí n yọ ọ́?”

Ó ní, “Fi í sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. N ò fẹ́ kó rí mi, mo tún rántí pé kò lè rí mi, mo sì yíjú síbòmíràn bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Tèmítọ́lá wá láti Ìkòròdú wá wa ọkọ̀. Ó ti ń rojọ́ kó tó jókòó, ó ní sítíárìn yìí le, dígí yìí kéré, níbo ni wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣí fèrèsé. A ti ń gbéra nígbà tí Alàájì yọ sí wa ní ṣọ́ọ̀bù Godspower, ó ní òun ń lọ bá àwọn agẹ́ńtì ní Wharf Road, ká jọ máa lọ. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tirẹ̀ wà nílé. Èmi àti òun há ara wa sẹ́yìn, orúnkún wa kan àyà.

Ìjàpá lọ. Kò sáré, ṣùgbọ́n ó lọ. Etí mi wà lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì. Gbogbo kòtò tí a bá já sí, mo di àga iwájú mú. Philip gbé orí sókè bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

Ní Warehouse Road, tírélà kan tó wà níwájú wa kàn dúró gbagidi. Tọ́lá tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn já sínú kòtò ńlá, gbogbo ọkọ̀ mì tìtì, orí Alàájì gbá òrùlé. Ìjàpá ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó dúró gbọin. Tírélà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀, àwa náà tẹ̀ lé e.

Alàájì fọwọ́ ra orí rẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo gbà fún yín. Ojú ló lọ, ọwọ́ yín ò lọ.”

Ohun tí Philip ti ń wá láti oṣù kejì nìyẹn, tí mo ṣe tìtorí ẹ̀ jókòó sínú omi ọṣẹ. Mo dúró kó gbà á. Ó tọ́ sí i, mi ò ní bá a jiyàn.

Philip ní, “Kì í ṣe ọwọ́ mi.” Ó yíjú sẹ́yìn. “Sùrájù, lọ́jọ́ tí iyanrìn dé yẹn, ìṣó ló wà nínú táyà. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé ìṣó ni, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí o rí i pé mo lọ. Òun ló kọ̀ fún mi níwájú gbogbo yín, mo sì bá a ṣọ̀tá lórí ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ lo jókòó lé yìí.”

Tọ́lá yí orí padà pátápátá, ó ń wò mí, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń lọ àti tírélà níwájú.

Mo ní kó máa wo ọ̀nà.